LẸ́TÀ NI OHÙN: BÍ A ṢE LÈ FI ỌWỌ́ ARA WA KỌ ÌWÉ ALÁWÒRÁN FÚN ÀWỌN ỌMỌ WA

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́ wa ní Onitsha)

  Ọjọ́ tí a ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó pé lónìí. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí á ṣe èyí tí ó tóbi jù báyìí lọ.

Ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí wọ́n mọ̀ pé mo máa ń ṣe ní ìsọ̀ mi nígbà tí ọjà bá dá. Ohun náà ni kíkọ lẹ́tà sínú ìwé aláwòrán, irú ìwé tí àwọn ọmọ ń pè ní kọ́míìkì. Èmi kì í ṣe tíṣà, n kò sì rí ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mo bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1976, ọdún tí ìjọba àpapọ̀ dá ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, mo sì parí ní 1982. Lẹ́yìn náà ni mo kọ́ ọjà títà, tí òwò sì gbé mi dé etí Odò Ọya níhìn-ín. Pépà, ìwé ìkọ̀wé, báírò, rúlà àti yíǹkì ni mo ń tà. Ẹni tí ń ta epo, bí kò tilẹ̀ fẹ́, epo yóò kàn án lára. Bí yíǹkì ṣe kàn mí lọ́wọ́ nìyẹn. Àwọn tí ń kọ pátákó àkọlé àti ara ọkọ̀ jẹ́ oníbàárà mi, lọ́dọ̀ wọn ni mo sì ti kọ́kọ́ wo bí a ti ń fa ìlà kí á tó kọ lẹ́tà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Bí a kò bá fẹ́ kí èdè wa kú sẹ́nu àwọn ọmọ tí a bí sí Onitsha, ẹ jẹ́ kí á fún wọn ní ìwé tí ó dùn-ún wò, tí àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé. Bí kò bá sì sí ẹni tí yóò bá wa tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ tiwa tó o kọ.

Ẹ jẹ́ kí á bá ara wa sọ òótọ́. Àwọn ọmọ wa gbọ́ Ìgbò bí ẹni pé omi rẹ̀ ni a fi wẹ̀ wọ́n. Ohun ìdùnnú ni, nítorí ẹni tí ó bá gbé ìlú kan tí kò gbọ́ èdè ìlú náà, afọ́jú ọ̀sán ni. Wọ́n ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé. Ṣùgbọ́n Yorùbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di èdè tí bàbá àti ìyá fi ń bá ara wọn jà ní ìyẹ̀wù. Bí ọdún bá dé tí a kó wọn lọ sílé, ìyá àgbà yóò máa sọ̀rọ̀, ọmọ yóò máa wo ẹnu ìyá rẹ̀ bí ẹni tí ń dúró de ògbufọ̀. Ọmọ kan wá sí ìsọ̀ mi tí ó lè ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo gbé ìwé Yorùbá lé e lọ́wọ́, ó wò ó títí, ó ní, "Bàbá, kòkòrò wo ni ó bà sórí àwọn lẹ́tà yìí?" Àmì ohùn ni ó pè ní kòkòrò! A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹlẹ́kún ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì àti Ìgbò tó ọmọ láti jẹun. Òtítọ́ ni, ó tó láti jẹun. Ṣùgbọ́n oúnjẹ nìkan kọ́ ni ogún. Ọmọ tí kò gbọ́ èdè ìyá àgbà rẹ̀, ta ni yóò pa ìtàn ìdílé fún un? Ta ni yóò ki oríkì rẹ̀ tí orí rẹ̀ yóò wú? Àwọn tí ó gbà wá lálejò níhìn-ín, ohun kan náà ni wọ́n ń bá yí nípa ọmọ tiwọn tí wọ́n bí sí Èkó àti Ìbàdàn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìjà ẹ̀yà ni a ń gbé sílẹ̀. Ìlé ara wa ni a fẹ́ gbá.

Ìlú tí a wà yìí gan-an ni ó yẹ kí ó fún wa láyà. Kí ogun abẹ́lé tó dé, bí a bá dárúkọ Onitsha, ìwé pẹlẹbẹ ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí. Láti òpin àwọn ọdún 1940 títí di ìgbà ogun ni àwọn ènìyàn níhìn-ín fi ń kọ ìwé kéékèèké, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀rọ kékeré, tí wọ́n sì ń tà á nínú ọjà àti ní ilé ìtàwé. Àwọn tí ó kọ ọ́ kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Tíṣà ni, akọ̀wé ni, ọmọ ilé ìwé ni, oníṣòwò bíi tiwa ni. Cyprian Ekwensi, tí òkìkí rẹ̀ padà kàn káàkiri, ilé ìtàwé Tabansi ní Onitsha ni ó gbé ìwé rẹ̀ kan, When Love Whispers, jáde ní àwọn ọdún 1940. Ogali A. Ogali kọ Veronica My Daughter ní 1956, tọmọdé tàgbà ni ó rà á. Ọ̀jọ̀gbọ́n Emmanuel Obiechina ṣe ìwádìí lórí gbogbo rẹ̀, ìwé tí ó kọ lé e lórí sì jáde ní Cambridge ní 1973. Ogun 1967 sí 1970 ba ọjà jẹ́ púpọ̀, òwò ìwé pẹlẹbẹ náà kò sì padà sí bí ó ti wà mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ lára wọn ni pé wọn kò dúró de ẹni tí yóò wá láti Lọ́ńdọ̀nù wá fún wọn láṣẹ. Wọn kò sì tijú bí lẹ́tà kan bá ga ju èkejì lọ. Wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, wọ́n sì sọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú ìwé wọn. Tiwa tí a fẹ́ ṣe, Yorùbá ni.

Ẹ má sì gbàgbé pé ọmọ Yorùbá kan wà nínú ìtàn lẹ́tà ìlú yìí. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, bá ọkọ̀ gba Odò Ọya wá sí Onitsha ní 1857, nígbà tí òun àti Àlùfáà John Christopher Taylor, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìgbò, dá iṣẹ́ ìjọ C.M.S. sílẹ̀ níhìn-ín. Ní ọdún kan náà ni ìwé ABD Ìgbò tí Crowther ṣe jáde. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ ti jáde ṣáájú èyí, ní 1843. Nítorí náà, bí a bá jókòó ní Onitsha tí a ń kọ́ ọmọ ní lẹ́tà, iṣẹ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ kí á tó bí bàbá wa ni a ń bá lọ.

Kí á wá bọ́ sórí ìwé aláwòrán. Ó ti pẹ́ tí àwòrán àti ọ̀rọ̀ ti ń rìn pọ̀ lórílẹ̀-èdè wa. Akinola Lasekan, ọmọ Ọ̀wọ̀, ni ó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ òṣèlú sínú West African Pilot, ìwé ìròyìn tí Dókítà Nnamdi Azikiwe, ọmọ Onitsha, dá sílẹ̀ ní 1937. Ẹ wo bí ọmọ Ọ̀wọ̀ àti ọmọ Onitsha ti fi ọwọ́ kan náà ṣiṣẹ́! Ní 1967 ni Atóka bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níhìn-ín kò lè gbàgbé rẹ̀. Fọ́tò àwọn òṣèré tíátà wa ni wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀rọ̀ tí oníkálukú ń sọ sì wà lójú fọ́tò náà ní Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni Atóka kọ́ ní ìwé kíkà láìjẹ́ pé ó di pàṣán mú. Ní 1976 ni Wale Adenuga gbé Ikebe Super jáde, tí gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín Pápá Ajasco. Àwọn ìwé wọ̀nyí ti kógbá wọlé.

Òmíràn tún wà tí ó ń jẹ́ Powerman, tí ó jáde ní 1975. Nàìjíríà ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n Ìlú Ọba ni wọ́n ti yà á. Dave Gibbons wà nínú àwọn tí ó yà á, ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà náà. Ọkùnrin yìí ni ó ya Watchmen tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1986 sí 1987, tí ayé gbọ́. Mo bi ọmọ mi tí ó wà ní yunifásítì pé kí ni ó mú kí lẹ́tà inú ìwé yẹn dára tó bẹ́ẹ̀. Ó wádìí, ó ní Gibbons fúnra rẹ̀ ni ó fi ọwọ́ kọ gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹnìkan ni í kọ ìtàn, ẹlòmíràn ni í ya àwòrán, ẹlòmíràn ni í sì máa ń kọ lẹ́tà. Nígbà tí ó di 1994, Vincent Connare ṣe lẹ́tà kọ̀ǹpútà kan tí a ń pè ní Comic Sans, tí ẹ ń rí lára ìwé ìpè ìgbéyàwó àti pátákó ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi káàkiri Onitsha. Watchmen wà lára ìwé tí ó ń wò bí ó ti ń ṣe é. Ẹ rí i bí ọwọ́ ẹnìkan ti lè rìn jìnnà tó.

Ìbéèrè tí ẹ óò bi mí ni pé, ṣé kọ̀ǹpútà kò wá tó ni, tí a fi ní láti máa fi ọwọ́ kọ? Kọ̀ǹpútà dára. Fóònù tí ó wà lápò wa pàápàá lè kọ ẹ, ọ àti ṣ bí a bá mọ ibi tí a ó tẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbé iṣẹ́ Yorùbá lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan rí. Nígbà tí iṣẹ́ jáde, ibi tí lẹ́tà ní àmì orí tí ó tún ní àmì ìsàlẹ̀ ti di àpótí kékeré òfìfo, ibòmíràn àmì ti ṣí kúrò lórí lẹ́tà tirẹ̀, ó lọ jókòó sórí aládùúgbò. Ọmọkùnrin tí ó wà nídìí ẹ̀rọ ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, wọ́n á mọ̀ ọ́n." Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni òun fẹ́ yọ kúrò. Ọwọ́ ènìyàn kò ní wàhálà yìí. Ibi tí o bá fi àmì sí ni yóò dúró.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Nínú ìwé kékeré tí mo ń ṣe, Àjàpá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi láti òdìkejì odò wá sí Onitsha. Ọlọ́kọ̀ wò ó, ó ní, "Ọkọ̀ yìí ti kún!" Ẹ wá yọ àmì kúrò, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gbọrọgbọrọ. Ọmọ tí a bí síhìn-ín lè kà á sí "Ọkọ yìí ti kùn!" Ìyàwó kan ni ó ń ráhùn nípa bàálé rẹ̀ nìyẹn! Ẹlòmíràn lè kà á sí ọkọ́ tí a fi ń roko, tàbí ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun. Ọmọ tí ó ń gbọ́ Yorùbá nílé ní gbogbo ìgbà lè fojú inú yan èyí tí ó yẹ. Ọmọ tiwa kò ní ibi tí yóò ti yàn án. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé lẹ́tà ni ohùn. Fún ọmọ tí kò gbọ́ ohùn ìyá àgbà lójoojúmọ́, àmì tí ó wà lórí lẹ́tà ni ìyá àgbà tí ń bá a sọ̀rọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ń ṣe é. Ohun èlò rẹ̀ kò wọ́n: pépà A4 funfun, pẹ́ńsùlù tí ẹnu rẹ̀ mú, rúlà, ìrésà, àti báírò dúdú tí yíǹkì rẹ̀ kì í tàn. Búlúù kò dára tó, nítorí nígbà tí a bá ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀, ó lè máà hàn dáadáa.

Èkínní, kọ ọ̀rọ̀ náà sórí pépà àjákù ná, kí o sì kà á sókè. Bí ó bá gùn, gé e. Ohun tí ènìyàn kan yóò sọ nínú àwòrán kan kò yẹ kí ó ju nǹkan bí ogún ọ̀rọ̀ lọ. Bí àwòrán bá ti fi hàn pé òjò ń rọ̀, má ṣe jẹ́ kí Àjàpá tún máa sọ pé òjò ń rọ̀.

Èkejì, fa ìlà. Lílà ìlà ni ìdajì iṣẹ́. Ẹ rántí ìwé onílà méjì-méjì tí wọ́n fi kọ́ wa ní ìkọ̀wé ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, irú rẹ̀ ni. Èmi máa ń fi pẹ́ńsùlù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọn mílímítà 4 fún àárín, ibẹ̀ ni lẹ́tà kúkúrú bí a àti o yóò jókòó sí. Mo ń fi mílímítà 3 sílẹ̀ lókè, mílímítà 3 nísàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílímítà 10 fún ìlà ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tí ó bá fún ìlà pọ̀ yóò kàbámọ̀, àmì ìsàlẹ̀ ti ìlà òkè yóò bọ́ sórí àmì ohùn ti ìlà tí ó tẹ̀ lé e, wọn yóò sì máa jà.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù lọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà, lẹ́tà ńlá ni wọ́n sábà máa ń fi kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé aláwòrán wọn. Ó bá Gẹ̀ẹ́sì mu, nítorí lẹ́tà ńlá kò ní ìrù, ìlà sì lè súnmọ́ ara wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tí ó ń gbìyànjú láti yà á, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí o bá fi lẹ́tà ńlá kọ ỌKỌ̀, lẹ́tà ti gba gbogbo àyè tán, àmì ohùn kò níbi tí yóò dúró sí àfi orí òrùlé. Ẹ wá wo lẹ́tà kékeré. Àwọn lẹ́tà tí ń ru àmì ohùn ni a, e, ẹ, i, o, ọ, u, àti n pẹ̀lú m nígbà mìíràn. Kúkúrú ni gbogbo wọn! Kò sí lẹ́tà gíga kan, bíi b, d, k tàbí l, tí ó ń ru àmì ohùn. Àwọn tí ó ní àmì ìsàlẹ̀ ni ẹ, ọ àti ṣ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ní ìrù bíi g, p tàbí y. Nítorí náà, àmì ohùn yóò jókòó sí àyè tí lẹ́tà gíga ti là sílẹ̀, àmì ìsàlẹ̀ yóò sì jókòó sí àyè tí ìrù ti là sílẹ̀. Ó dà bí ilé tí a ti kọ́ yàrá àlejò sí kí àlejò tó dé. Lẹ́tà kékeré ni ó yẹ Yorùbá, òun náà sì ni ọmọ kọ́kọ́ mọ̀ nínú ìwé Aláwìyé tí J. F. Odunjo kọ.

Ẹ̀kẹrin, bí o bá ti kọ ọ̀rọ̀ kan tán, fi àmì rẹ̀ sí i kí o tó kọ èyí tí ó tẹ̀ lé e. Má ṣe sọ pé ìparí ojú ìwé ni ìwọ yóò tó padà wá. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, bí ẹni tí ń sọ òkè kalẹ̀. Àmì ohùn òkè ń gun òkè láti òsì sí ọ̀tún. Jẹ́ kí ó dagun dáadáa, nítorí bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ ọmọ kò ní mọ èyí tí ó jẹ́. Àmì ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ lẹ́tà. Fi àyè tínínrín sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fọ́tókọ́pì yóò so wọ́n pọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ọ̀rọ̀ ni kí o kọ́kọ́ kọ, kí o tó fa róbótó yí i ká, èyí tí èmi ń pè ní ilé ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fa róbótó, tí ó wá ń há ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, bí ẹni tí ó rán ṣòkòtò kí ó tó wọn ẹsẹ̀ ni. Jẹ́ kí ìlà àkọ́kọ́ kúrú, kí ti àárín gùn, kí ti ìkẹyìn kúrú. Má ṣe gé ọ̀rọ̀ sí méjì, ọ̀rọ̀ Yorùbá kò gùn, wọn yóò gba inú rẹ̀. Fi àyè sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ àti ògiri ilé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fa ìrù kékeré kan kí ó kọjú sí ẹnu ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ilé tirẹ̀ ni kí ó wà lókè lápá òsì, nítorí ibẹ̀ ni ojú máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń pariwo, jẹ́ kí ògiri ilé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdá bí ẹ̀gún. Bí ó bá ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, fi ìlà jáṣẹ́jáṣẹ́ yí i ká. Bí ó bá ń rò ó nínú, ṣe é bí kùrukùru.

Ẹ̀kẹfà ni ariwo. Níbí ni Yorùbá ti ju ọ̀pọ̀ èdè lọ. A kò ní lọ yá ariwo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àjàpá ṣubú gbì! Ìlẹ̀kùn dún gbàgà! Òjò ń rọ̀ wàà! Ẹyẹ fò fìrì! Kọ irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gàgàrà sínú àwòrán, láìsí ilé. Èyí tí ó wúwo bíi gbì, jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ sanra. Èyí tí ó yára bíi fìrì, jẹ́ kí ó tẹ̀ síwájú. Ọmọ tí kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n láti ojú.

Bí o bá ṣì lẹ́tà kọ, má ṣe ya pépà náà. Gé pépà funfun kékeré, kọ èyí tí ó tọ́ sórí rẹ̀, kí o fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Fọ́tókọ́pì tí a ṣe dáadáa kò ní fi ojú ọgbẹ́ náà hàn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ, kí o tó fi ìrésà pa ìlà pẹ́ńsùlù rẹ́.

Ìkẹyìn ni dídì í. Orí A4 ni a ti kọ ọ́, kí wọ́n bá wa dín in kù sí ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì, yóò sì di ìdajì pépà A4. Pépà mẹ́rin tí a ká sí méjì, tí a tẹ̀ níwá-lẹ́yìn, ojú ìwé 16 ni. Ọgbọ́n tí a fi ń tò ó kò le: ojú ìwé méjì tí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí pépà kan, àròpọ̀ nọ́ńbà wọn gbọdọ̀ jẹ́ 17. Ojú ìwé 16 yóò wà pẹ̀lú 1, ojú ìwé 2 pẹ̀lú 15, títí tí yóò fi dé 8 àti 9 ní àárín. Gún un ní sítépílà méjì ní ẹ̀yìn, ìwé ti dé.

Alága wa, ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta níwájú ẹgbẹ́. Èkínní, nínú owó tí a bá rí kó jọ lónìí, kí á yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìwé àwọn ọmọ, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ lè ní ẹyọ kan. N kò ní gba èrè lórí pépà rẹ̀, iye tí mo bá rà á ni n óò kó o sílẹ̀. Èkejì, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú ìtàn kan wá láti ìlú rẹ̀, ará Ọ̀fà, ará Ìjẹ̀bú, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ìlá. Bí ẹ bá lọ sílé ọdún, ẹ jókòó ti àwọn àgbà, ẹ gbà á lẹ́nu wọn kí wọ́n tó lọ. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ọmọ fúnra wọn wá kọ lẹ́tà ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Ẹ má wulẹ̀ dúró de ẹni tí ó mọ àwòrán yà. Àjàpá kò ju róbótó kan, ẹsẹ̀ mẹ́rin àti orí kékeré kan lọ. Ọmọ tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àmì lé orí ọ̀rọ̀ ogún ìgbà, kò tún ní pè é ní kòkòrò mọ́.

Àwọn ọmọ Ìgbò tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn ń bọ̀ wá bá wọn jókòó, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá. Ìjàpá tiwa ni wọ́n ń pè ní Mbe, èdè tiwọn náà ní àmì ìsàlẹ̀ lára lẹ́tà, ohùn tiwọn náà ń lọ sókè sódò. Bí ọmọ wa bá ṣe ti Yorùbá, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ṣe ti Ìgbò, Onitsha yóò tún di ìlú ìwé lẹ́ẹ̀kan sí i.

N kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn ju báyìí lọ, oúnjẹ ń tutù. Owó tí a kó jọ lónìí yóò tán, nítorí owó ni. Gbọ̀ngàn tí a fẹ́ kọ́ yóò gbó lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n èdè tí ó bá wọ inú ọmọ láti ojú dé etí, láti etí dé ẹnu, yóò di ohun tí òun náà yóò fi lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Kí Ọlọ́run dá ẹgbẹ́ wa sí, kí ó dá ìlú tí ó gbà wá sí, kí ó sì jẹ́ kí olúkúlùkù wa lówó láti náwó rẹ̀ sí rere.